Sí ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá Ìbàdàn: ẹ má tíì lé àwọn tó kẹ́yìn kúrò lórí pápá

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Ìbàdàn, láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Challenge, láti Apata dé Ìwó Road, mo kí yín. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ariwo, ẹ kú ìfọn fèrè. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà ẹ má rò pé àlejò ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí intà-háúsì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹfun tí a ó fi fa ìlà ò tíì dé, tí ọ̀gá àgbà ń béèrè mátí-pásìtì ṣáá, tí ìyá kan tún wá ń jà pé kí ló dé tí a fi ọmọ òun sí Ilé Pupa.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí, orí àtẹ̀gùn kọnkéré ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ l'Òkè-Àdó ló ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwa àgbà ò yéé pè ní Líbátì. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní 1963, àwa tí a dàgbà nílùú yìí ò lè gbàgbé. Àwa bíi mẹ́wàá la máa ń pàdé níbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé láti na ẹsẹ̀. Bí a bá ti rìn yípo mẹ́rin-márùn-ún tán, a ó jókòó, ẹni tó ń ta àkàrà á gbé tirẹ̀ dé, ẹnu á wá ṣí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: nínú gbogbo àwọn tó sá eré ọ̀nà jíjìn láyé òde òní, ta ni Ọlọ́run fún lẹ́bùn jù? A kò béèrè ẹni tó gba wúrà jù, a kò sì béèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tí wọ́n bí i mọ́ là ń wá, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti gbé ẹsẹ̀, ilẹ̀ á máa sún fún un.

Dẹ́rẹ́bà kan tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà, ni, kí gbogbo wa máa lọ sílé. Ó ní ta ló kọ́kọ́ sá máráthọ́nì tán kí wákàtí méjì tó pé? Òótọ́ ló sọ. Ní Vienna, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2019, Kipchoge sá a ní 1:59:40, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò kà á mọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù torí àwọn tó ń ṣáájú rẹ̀ ń pààrọ̀ ara wọn. Mo dá a lóhùn pé mo fẹ́ràn Kipchoge, òun gan-an ni mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ tí mo bá fẹ́ kó mọ ohun tí ìfaradà ń jẹ́. Ọkùnrin tó lówó tó bẹ́ẹ̀ ṣì ń gbé ní àgọ́ ìgbaradì ní Kaptagat pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń fọ ilé ìyàgbẹ́ bó bá kàn án, gbogbo eré tó bá sá ló ń kọ sínú ìwé. Mo ní iṣẹ́ ni mo rí lára tirẹ̀ ju ẹ̀bùn lọ.

Dẹ́rẹ́bà yìí gbé àkàrà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣe sùúrù. Ní 2003, níbi ìdíje àgbáyé ní Paris, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Kipchoge. Hicham El Guerrouj, ọmọ Mòrókò, wà níbẹ̀. Kenenisa Bekele, ọmọ Etiópíà tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, wà níbẹ̀. Ta ló gba wúrà 5,000 mítà? Ìgbà wo ló ráyè ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń wí?" Ìṣẹ́jú 12:52.79 ló sá lọ́jọ́ náà, ó sì fi díẹ̀ báyìí ju El Guerrouj lọ. Mi ò rí èsì gidi fọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé e relé, mo sì ń rò ó títí ọ̀sẹ̀ fi yípo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń bá wa sáré, tó ti jáde ní yunifásítì tó ń wáṣẹ́, ní Kelvin Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Kiptum sá máráthọ́nì láyé rẹ̀. Ní Valencia, ní ìparí 2022, ó sá 2:01:53. Ní London, ní 2023, ó sá 2:01:25. Ní Chicago, ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó sá 2:00:35, kò sì sí ẹni tó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje tí wọ́n ń kà títí di ọjọ́ yẹn. Ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá kọ́kọ́ gé aṣọ, ó ṣeé ṣe kó bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọmọ yìí fi ọwọ́ kan iṣẹ́, ó borí nínú gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn Chicago, ọjọ́ 11 oṣù Kejì 2024, mọ́tò gbẹ̀mí rẹ̀ nítòsí Kaptagat, òun àti Gervais Hakizimana, olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ ọ́ débẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí la ó fi díwọ̀n ohun tí ọmọ yẹn kò tíì ṣe?

Ìyá kan wà láàárín wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń gbọ́ wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọkùnrin ni gbogbo yín ń kà. Sifan Hassan ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára, torí ẹ̀bi wa ni lóòótọ́. Ọmọ Etiópíà ni Hassan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nígbà tó dé orílẹ̀-èdè Netherlands gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń kọ́ níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ní Doha, ní 2019, ó gba wúrà 1,500 mítà àti ti 10,000 mítà níbi ìdíje àgbáyé kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré, ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń sá méjèèjì yìí kì í sábà jẹ́ irú ènìyàn kan náà; ó dà bí ẹni tó ń ta tápà tó tún ń lùlù nínú ijó kan ṣoṣo.

Ó wá kù ti Paris, ní 2024. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ó gba idẹ nínú 5,000 mítà. Ọjọ́ 9, ó gba idẹ nínú 10,000 mítà. Ilẹ̀ ọjọ́ 11 mọ́, kò tíì pé wákàtí méjìdínlógójì sí eré ìjẹta, ó bọ́ sójú títì fún máráthọ́nì, ó bá wọn gun gbogbo òkè tó wà lójú ọ̀nà Versailles, nígbà tó sì ku díẹ̀ kí wọ́n dópin, òun àti Tigst Assefa, ọmọ Etiópíà, nìkan ló kù. Ó ré e kọjá. 2:22:55, rẹ́kọ́ọ̀dù Òlíḿpíìkì. Ìyá nọ́ọ̀sì rántí ti London ní 2023 pẹ̀lú, máráthọ́nì tí Hassan kọ́kọ́ sá láyé rẹ̀. Ó gba ààwẹ̀ Ramadan nínú ìgbaradì rẹ̀. Láàárín eré, ìbàdí dùn ún, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń na ẹsẹ̀, àwọn tó kù sì lọ. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ti tán. Ó lé wọn bá, ó sì borí. Mo bi yín, ẹ̀yin ọ̀gá mi: bí kì í bá ṣe ẹ̀bùn, kí ni ká pè é?

Èmi ní tèmi, méjì ni ọkàn mi ń lọ síbi wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ wọn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti yọ.

Daniel Komen, ọmọ Kẹ́ńyà, ni ẹni àkọ́kọ́. Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni, ní Rieti, ní Ítálì, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án 1996, nígbà tó sá 3,000 mítà ní 7:20.67. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Yípo méje ààbọ̀ ni. Bí ẹ bá pín in, yípo kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ń dín lé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá ọmọ tó lágbára jù nílé ẹ̀kọ́ yín, kó sá yípo kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kí ẹ wo iye tó máa jẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù Komen yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lókè kí Jakob Ingebrigtsen, ọmọ Norway, tó wá fi 7:17.55 gbà á ní oṣù Kẹjọ 2024, láyé bàtà tuntun tó ń ta ènìyàn síwájú. Ní 1997, ní Hechtel ní Bẹ́ljíọ̀m, Komen sá máìlì méjì ní 7:58.61. Nígbà tí Roger Bannister sá máìlì kan lábẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ní 1954, gbogbo ayé ló hó. Komen so méjì pọ̀, kò sinmi láàárín. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ lórí tíráákì. Iná tó jó kíákíá tó bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí iná tó mọ́lẹ̀ tó o.

Kenenisa Bekele ni ẹnì kejì, òun ni mo sì fi orúkọ mi lé lórí. Ẹ jẹ́ ká fi Òlíḿpíìkì sílẹ̀ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà mẹ́ta ló gbà níbẹ̀, ọ̀kan ní Athens, méjì ní Beijing. Eré inú pápá koríko ni kí ẹ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní cross-country, nínú ẹrẹ̀, lórí òkè, láìsí ìlà funfun kankan. Láyé ìgbà yẹn, eré kúkúrú wà níbẹ̀, eré gígùn wà, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń sá wọn. Ọ̀pọ̀ asáré tó gbóná á yan ọ̀kan. Bekele gba méjèèjì ní 2002, ó gba méjèèjì ní 2003, ó ń gbà á bẹ́ẹ̀ títí dé 2006. Ọdún márùn-ún léraléra! Ó tún padà wá gba ti gígùn ní 2008. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2005, Alem Techale, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ṣubú lulẹ̀ níbi tí àwọn méjèèjì ti ń sáré ìgbaradì, ó sì kú. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, Bekele lọ sí Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé, ó gba kúkúrú, ó gba gígùn. Ní oṣù Kẹjọ, ní Brussels, ó sá 10,000 mítà ní 26:17.53. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn fi wà kí Joshua Cheptegei ará Ùgáńdà tó fọ́ ọ.

Ìgbà tí gbogbo ayé wá rò pé ó ti di àgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá a lóró fún ọdún púpọ̀, ó sá máráthọ́nì Berlin ní 2019 ní 2:01:41. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló fi kù kó bá rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé mu. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ní 2024, ní London, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ó ṣe ipò kejì. Ẹrẹ̀ gbà á, tíráákì gbà á, títì gbà á, láti ìgbà èwe dé ìgbà tí irùngbọ̀n ń wú. Ìdí nìyí tí mo fi ní òun ni. Ní Sátidé kejì, mo fún dẹ́rẹ́bà lésì rẹ̀: ní Paris ní 2003 yẹn, Bekele ti sá 10,000 mítà, ó sì ti gba wúrà rẹ̀, kó tó wá bá Kipchoge sá 5,000. Ó ní ìyẹn kì í ṣe àwáwí. A ṣì wà lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ nìyí. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Òkè-Àdó gba Mọ́lété lọ sílé, mo wá ń bi ara mi: àwọn ènìyàn tí a ń dárúkọ láti àárọ̀ yìí, ta ló kọ́kọ́ rí wọn?

Bekele, ìlú Bekoji ló ti wá, ìlú kékeré kan lórí òkè Arsi ní Etiópíà. Ìlú yẹn kan náà ló bí Derartu Tulu, obìnrin adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà Òlíḿpíìkì, ní Barcelona ní 1992. Ibẹ̀ ló bí Tirunesh Dibaba. Ta ni olùkọ́ tó wà nídìí wọn? Sentayehu Eshetu ni, olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí èmi. Bí ẹ̀yin. Ní Iten, ní Kẹ́ńyà, Brother Colm O'Connell wá láti ilẹ̀ Ireland ní 1976 láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ St Patrick's. Kò mọ nǹkan kan nípa eré sísá. Ó ń wo àwọn ọmọ, ó ń kọ́ lára wọn, títí tí àwọn asáré tó borí gbogbo ayé fi ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, David Rudisha wà lára wọn.

Ti Mo Farah ló wá mú omi bọ́ lójú mi. Ọmọ bíi ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n gbé e wọ Ìlú Ọba pẹ̀lú orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Kò gbọ́ èdè wọn. Alan Watkinson, olùkọ́ eré ìdárayá rẹ̀, ló ṣàkíyèsí pé orí pápá nìkan ni ara ọmọ náà ti ń yá. Òun náà ni ọmọ yẹn sọ àṣírí ohun tó ń bá a fínra fún, olùkọ́ yìí ló sì dìde tí wọ́n fi gbé e kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà ló gba wúrà 5,000 àti 10,000 mítà ní London ní 2012, tó tún padà gba méjèèjì ní Rio ní 2016. Bí Watkinson bá ti fọn fèrè rẹ̀ tán, tó kó bọ́ọ̀lù sínú àpò, tó gbalé lọ, ta ni ì bá mọ̀?

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kan, ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, a fẹ́ ṣe ìdíje àṣàyàn fún intà-háúsì, mo sì gbàgbé stopwatch sílé. Ilé mi jìn tó kìlómítà mẹ́ta sí ilé ẹ̀kọ́, òkè méjì ló sì wà láàárín. Ọmọkùnrin kan wà ní JSS 2, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tí a ti ní kó lọ jókòó torí pé òun ló kẹ́yìn nínú 100 mítà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Torí pé kò ní nǹkan ṣe, mo pè é, mo fún un lówó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, mo ní kó lọ gba stopwatch lọ́wọ́ ìyàwó mi kó sì tètè dé. Mo wá kọjú sí àwọn tó ń fò gíga. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọmọ náà ló dúró níwájú mi. Bàtà sáńdà rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Stopwatch wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó na ọwọ́ òsì sí mi, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ó pé, kò yọ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbà á, sà. Ọkọ̀ ò tètè kún." Mo wo aago ọwọ́ mi, kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo rán an. Eruku pupa ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó kàn rìn wá láti ibi kànga.

Mo ní "o ṣeun, ọmọ dáadáa." Mo gba stopwatch lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ fi ka ìṣẹ́jú àáyá fún àwọn tó ń sá 100 mítà.

Ó padà lọ jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò. Kò sí 3,000 mítà nínú ètò wa. 1,500 tó wà níbẹ̀ gan-an, a ti yọ ọ́ kúrò lọ́dún yẹn torí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ò wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Mo rí i ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ní Ìwó Road, ó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú títì, ó ní "Tíṣà wa, ẹ wọlé, mi ò gbowó." Mo wọlé. Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ẹ̀jẹ̀ wa ò bá eré gígùn mu, pé eré kúkúrú ni Ọlọ́run fi ta Yorùbá lọ́rẹ. Ẹ máa tọ́ka sí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó fo ọgbà 100 mítà ní 12.12 ní 2022, tí gbogbo ayé ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ẹ máa rántí Falilat Ogunkoya, tó gba idẹ 400 mítà ní Atlanta ní 1996. Mo gbà, orí wa wú. Kò sì sí ọmọ Nàìjíríà kan tó tíì gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì nínú eré tíráákì tí ènìyàn ń dá sá tó gùn ju 400 mítà lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀jẹ̀ ló fà á, àbí ohun tí a ń kọ sínú ètò intà-háúsì? Aáyán fẹ́ jó, adìyẹ ni kò gbà á láyè. Bàbá mi, láti Ìdí-Àrẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lápá Àkànràn, wọ́n á ṣiṣẹ́ dé ọ̀sán, wọ́n á gbé iṣu lérí rìn bọ̀ wálé, ọjọ́ kejì wọ́n á tún lọ. Gbogbo Ìbàdàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn ìlàrí Aláàfin, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jíṣẹ́ ọba láti ìlú dé ìlú. Ẹsẹ̀ tó mọ ọ̀nà jíjìn ò ṣàjèjì sí wa.

Ti òkè, òótọ́ ni, mi ò ní parọ́ fún yín. Iten ga tó 2,400 mítà, Bekoji ga tó 2,800. Níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ara ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ á máa pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i kó lè gbé afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kárí. Ìbàdàn kò ga tó 300 mítà, bí a tilẹ̀ ń pe gbogbo àdúgbò ní Òkè. Ṣùgbọ́n London tí Farah ti dàgbà, ṣé òkè ni? Ìgbà tó dàgbà tán ló ń lọ sórí òkè lọ ṣe ìgbaradì. Àwa náà ní Obúdú, a ní Mambilla, a ní Jos. Ẹni tí wọ́n bá ti rí lè gun òkè nígbàkígbà. Ẹni tí a ò rí, kò sí òkè tó máa gbé e jáde.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ dá 1,500 mítà padà sínú intà-háúsì, kí ẹ sì fi 3,000 kún un fún àwọn àgbà. Mo mọ̀ pé ẹni tó jókòó sábẹ́ kánópì ò nífẹ̀ẹ́ sí i, pé ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé DJ á máa wo aago. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù kí àlejò tó dé, ó ṣáà ti ṣẹlẹ̀. Ó sàn fún àwọn ọmọ pàápàá, oòrùn ò tíì mú. Kí omi wà nítòsí. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí kí ọmọ tó sá a: ọmọ tó ní ikọ́ fée àti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, wọn kì í ṣe ẹni tí a ń tì sínú eré gígùn. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo gbogbo ìlú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún mẹ́fà tó wà nítòsí ara wọn kó àwọn ọmọ wọn jọ láàárọ̀ Sátidé kan ní táàmù, kí wọ́n sá eré orí òkè. Ìlú wo ló tún dára fún un tó Ìbàdàn? Láti iwájú Gbọ̀ngàn Mápó sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, kí wọ́n gun Òkè-Àrẹ títí dé ẹsẹ̀ Láyípo, kí wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ọkọ̀ ò tíì pọ̀, ẹ sì lè bẹ àwọn ọlọ́kadà àdúgbò kí wọ́n dúró sí ìkóríta. Wọn á ṣe é, ọmọ wọn ni. Kò sí owó ńlá níbẹ̀. Kánfáàsì tí ọmọ fi ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ tó o, fóònù yín á sì ka àkókò. Ẹ kọ orúkọ àti àkókò sínú ìwé kan tí ẹ ò ní sọnù, kí ẹni tó bá gba ipò yín lè rí i.

Kí ẹ sì ṣí ojú yín sí àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, tí kì í pẹ́ dé. Àti àwọn ọmọbìnrin. Ní Ìwó Road, mo ti rí ọmọbìnrin tó gbé báàsì omi píọ̀-wọ́tà lérí tó ń lé bọ́ọ̀sì láti gba owó rẹ̀, tó sáré débi tí dẹ́rẹ́bà fi tijú tó sì dúró. Mi ò fẹ́ kó wà lójú títì rárá, ilé ẹ̀kọ́ ni kó wà. Bó bá wá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ kan, ẹ má kàn fi í sí ẹgbẹ́ oníjó.

Bí ẹ bá ti sá 100 mítà tán ní táàmù yìí, àwọn tó kẹ́yìn á fẹ́ lọ bọ́ jẹ́ẹ́sì wọn. Ẹ pè wọ́n padà. Ẹ ní kí wọ́n to ara wọn sí ìlà, kí ẹ sọ fún wọn pé yípo méje ààbọ̀ ló kù, kí wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ wá tẹ stopwatch yín.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́,
Olùkọ́ eré kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àrẹmọ, Ìbàdàn.